Okùn Oníkókó Baba Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọdún yìí ni àkọ́kọ́ tí a ṣe àyẹ̀wò kànga àdúgbò láìsí Baba Ọ̀jọ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ẹnjiníà ní Ìbàdàn yìí, ìdí kànga ni a ti ń rí wọn jù. Okùn wọn ṣì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilé: òkúta ní ìdí rẹ̀, kókó kan ní mítà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn àgbà ní í sọ òkúta sí ìsàlẹ̀ kànga, àbúrò rẹ̀ a sì ka kókó tí omi bá rin.

Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, tí kókó 3 sì rin: 0.5 (ìdajì ìfẹ̀ rẹ̀) lọ́nà 0.5, lọ́nà 3.14, lọ́nà 3, lọ́nà 1,000. Lítà omi 2,355 nìyẹn. Kílórìn oníyẹ̀fun, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi, èyí tí wọ́n kọ 65% sí lára, gíráàmù 180 ló tó o. Kò sí ohun tí Baba kórìíra tó kí èèyàn máa fi ẹ̀kúnwọ́ wọ̀n ọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrẹ̀ ìdí kànga kúrò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà á ti jẹ kílórìn náà tán kó tó kan kòkòrò àrùn, wọn á wá ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́. Ẹ bu omi sínú korobá oníke ní ìta gbangba, kí ẹ tó da ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé ìyẹ̀fun lórí. Tó bá ti tòrò, ẹ fi èyí tó mọ́ lókè wẹ ara kànga yípo, kí ẹ sì da ìyókù omi tó mọ́ náà sínú kànga. Ẹ fa omi sókè, ẹ dà á padà bí ìgbà mẹ́wàá, ẹ dé e di ọjọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ.

Àmọ́ kílórìn kò lè gba kànga tó sún mọ́ ṣalángá là. Mítà 30 ni Baba ń fẹ́ láàárín méjèèjì. Ohun tó ń tanni jẹ ni fẹ́ǹsì: onílé á wọn ṣalángá tirẹ̀, á gbàgbé ti ẹ̀yìnkùlé kejì. Baba á mú téèpù, wọ́n á lọ kí onílé kejì dáadáa, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Níbi tí kò bá ti pé, ẹ máa se omi mímu.

Nínú kànga 7 inú ìwé wọn, a ṣe 5 lọ́dún yìí. Ọ̀kan gbẹ. Èyí tó dùn wá ni ti etí gọ́tà: sìmẹ́ǹtì ẹnu rẹ̀ ti sán, àgbàrá sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìbàdàn tó rí ọ̀gbàrá odò Ògùnpa ní 1980, tó tún rí ọ̀gbàrá 26 oṣù Kẹjọ 2011, kò yẹ kó fojú kéré ìyẹn. Àwọn tó po sìmẹ́ǹtì náà ti bu omi jù, oòrùn sì gbẹ ẹ́ kíá. Bí Baba ṣe ń pò ó nìyí: sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4, kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lẹ́nu kànga, àpò tútù lórí rẹ̀ fún ọjọ́ 7.

Àárò wọn ń sọ wá. Ẹ̀ẹ̀rùn yìí, tí omi bá ti fà, la ó fọ́ ẹnu kànga etí gọ́tà náà tún ṣe. Sìmẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀. Okùn ti di ti àbúrò, òun ló ń sọ òkúta báyìí.