Láti ìdí páálí dé ìdí láìnì tuntun

Tí àwọn èèyàn bá bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe gan-an lókè òkun níbí, tí mo sì ní èmi wà lára àwọn tí wọ́n máa ń pè tí fákítìrì bá fẹ́ gbé láìnì tuntun dìde, ìyẹn àwọn mẹ́ṣíìnì tí wọ́n tò tẹ̀ léra tí ọjà ń gbà kọjá, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "áà, ẹnjiníà ni ẹ́ nìyẹn." Rárá o. Mi ò ka ẹnjiníà kankan. Ìdí páálí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìparí láìnì pátápátá ni wọ́n gbé mi sí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, níbi tí ike ọṣẹ olómi ti ń wọ inú páálí, tèmi ò ju kí n wò ó pé 12 pé nínú ẹ̀, kí n tì í síwájú, kí n wo òmíràn, láti aago 10 alẹ́ títí di aago 6 àárọ̀.

Iṣẹ́ yẹn ń sú èèyàn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ti dúró lójú kan fún wákàtí 8, tí nǹkan kan náà ń kọjá níwájú ẹ ṣáá, etí ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan tójú ò tíì rí. Ó débi pé mo lè kẹ́yìn sí mẹ́ṣíìnì tó ń to ike sínú páálí yẹn kí n sì mọ̀ pé ó ti fẹ́ dúró. Kì í ṣe pé ó máa ń bàjẹ́ o, ó kàn máa dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹnì kan á lọ fọwọ́ tún páálí ṣe, á tẹ bọ́tìnì, a tún ń bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn sílẹ̀, torí kí ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá 20? Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí, mo ṣáà fi jọ́tà kékeré kan sápò, gbogbo ìgbà tó bá ti dúró ni mò ń fa ìlà kan. Lóru ọjọ́ kan mo ka ìlà 30. Ìṣẹ́jú 10 nìyẹn, láìnì yẹn sì ń ṣe ike 240 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ike 2,400 ló lọ báyẹn lóru ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀.

Mo fi han súpáfáísọ̀, ó wò ó, ó ní "okay", ó bá tiẹ̀ lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí mánẹ́jà tó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ta ló ń fa ìlà sínú ìwé níbí. Àyà mi já, mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi ni. Àṣé wọ́n fẹ́ ra láìnì tuntun, wọ́n sì ń wá ẹnì kan látìdí mẹ́ṣíìnì tó máa tẹ̀ lé àwọn ẹnjiníà.

Iṣẹ́ láìnì tuntun yìí, kì í ṣe pé wọ́n á já mẹ́ṣíìnì sílẹ̀ látinú ọkọ̀ kí wọ́n ki iná bọ̀ ọ́. Ẹ máa kọ́kọ́ lọ dán an wò lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, FAT (Factory Acceptance Test) là ń pe ìyẹn, tó bá dé ọ̀dọ̀ yín tẹ́ ẹ tò ó tán, ẹ tún máa dán an wò, ìyẹn ni SAT (Site Acceptance Test). Lẹ́yìn náà lẹ ó máa gbé eré ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní OEE, tó ń sọ bí mẹ́ṣíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ní tòótọ́, òun ló kọ́kọ́ là mí lójú: tí mẹ́ṣíìnì bá ṣiṣẹ́ fún 90% àkókò tó yẹ kó ṣe, tó sá 90% eré tó yẹ kó sá, tí 90% ohun tó ṣe sì dáa, gbogbo èèyàn á máa pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n tó o bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, 72.9% péré ló kù. Ìlà inú jọ́tà mi ló ń jẹ ìyókù.

Àgádágodo tún wà ńbẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni tó tọwọ́ bọnú mẹ́ṣíìnì, wọ́n á pa iná ẹ̀, oníkálukú á fi àgádágodo tiẹ̀ há a, orúkọ ẹ á sì wà lára ẹ̀, ẹni tó ni ín ló máa ṣí i. Lọ́jọ́ kan a ṣiṣẹ́ tán, àgádágodo 9 la fi há a, 8 ti kúrò, ẹni kẹsàn-án ti fi kọ́kọ́rọ́ sápò lọ sílé. A pè é, fóònù ẹ̀ ò lọ. Wákàtí 2 gbáko la fi jókòó tá à ń wo mẹ́ṣíìnì olówó ńlá bí ẹni ń wo òkú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan àgádágodo náà títí ó fi dé, ó ń bẹ̀ wá, à ń rẹ́rìn-ín.

FAT àkọ́kọ́ tí mo lọ ni mo fẹ́ sọ gan-an. Mẹ́ṣíìnì náà ṣe bí ẹni ń kọrin lọ́jọ́ yẹn. Páálí 20 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 3, kò bá ọ̀kankan jà. Ṣùgbọ́n mo wo páálí tí wọ́n ń lò, tuntun ni, gbẹrẹfu, inú yàrá tó gbẹ ni wọ́n ti ń kó o jáde. Tiwa, ẹnu ilẹ̀kùn tí tírélà ti ń já ẹrù ló máa ń wà, ọ̀rinrin ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru. Mo ya ẹnu kí n sọ ọ́, mo sì pa á dé. Àwọn ọkùnrin méje ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú laptop, gbogbo ohun tí mo sì ti sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kí n tún sọ torí ohùn mi. Mo ní wọ́n mọ̀ jù mí lọ. Wọ́n buwọ́ lùwé, a jẹun, a padà sílé.

Láìnì dé ọ̀dọ̀ wa, ó dójútì gbogbo wa. Àwọn ife rọ́bà kan ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ fa ẹ̀gbẹ́ páálí kí wọ́n lè là á. Páálí tiwa ti tẹ̀, rọ́bà ò lè lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, fìì, páálí á já bọ́. Àwọn ẹnjiníà yí puróógíráàmù inú PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí mẹ́ṣíìnì, wọ́n fi kún agbára tó ń fà á, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ 2 kọjá. Bàbá kan tó ń wa fọ́kílífìtì ló wá bá wa, wọn ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, wọ́n gbé páálí kan lé tábìlì, wọ́n tẹ etí kan, etí kejì gbéra sókè. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ ti lọ wo ibi tẹ́ ẹ̀ ń kó o sí?" Gbogbo wọn wojú ara wọn. Èmi ń wo ilẹ̀.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ò tiẹ̀ le: a kó páálí kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, a ò kì í tú ọ̀rá ara ẹ̀ títí a fi fẹ́ lò ó, a sì ra irú rọ́bà tó ní ìṣẹ́po lára, tó lè na ọrùn bá páálí tó tẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ.

Láìnì kejì, èmi náà ti wà lára àwọn tó ń buwọ́ lùwé. Kí n tó lọ FAT, mo ní kí wọ́n fi ẹrù kan ṣíwájú mi lọ. Nígbà tí wọ́n ti sá eré tiwọn tán, tí ẹni tó ṣe mẹ́ṣíìnì ti ń wá bírò, mo fa ọ̀rá ya, mo kó páálí wa jáde, àwọn tó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn fún oṣù kan gbáko. Ó mú ọ̀kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó bi mí bóyá irú èyí la máa ń lò lóòótọ́.

Mo ní òun náà ni. Ó bọ́ kóòtù ẹ̀, ó ní kí wọ́n tún iná tàn.