Níbo Lẹ̀yin Gan-an Ti Jẹun Lánàá?

Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń lọ sí Òṣogbo lọ ra àdìrẹ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Múṣín ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà. Tí ọjà bá yá, oṣù méjì-méjì ni mò ń lọ, n ó sì sun ọjọ́ méjì kí n tó padà. Ṣùgbọ́n odidi ọdún méjì àkọ́kọ́ yẹn, mi ò jẹ oúnjẹ Òṣogbo. Ìrẹsì àti adìyẹ dídín ni, nínú ilé oúnjẹ onígíláàsì kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí gbogbo ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń tà ládùúgbò mi. Ọkọ mi á bi mí pé kí ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún, n ó ní ìrẹsì. Á ní ṣé torí ìrẹsì ni mo ṣe wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo.

Ẹ̀rù inú rírun ló ń bà mí. Mo gbà pé oúnjẹ ẹ̀bá títì ló ń ṣe àlejò léṣe. Àfi ọjọ́ tí adìyẹ ilé onígíláàsì yẹn gan-an wá bá mi jà. Gbogbo òru ni mo fi ń sáré láti orí bẹ́ẹ̀dì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì rí ojú mi, ó lọ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sínú omi lítà kan wá fún mi. Bí mo ṣe ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ jẹ?" Mo sọ fún un. Ó kùn hùn-ún. "Ìgbà wo ni wọ́n ti dín adìyẹ yẹn, tí wọ́n kàn ń gbé e gbóná? Ìdí ìkòkò tó ń hó ni kẹ́ ẹ ti máa jẹun, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo wá pinnu pé n ó wá ìdí ìkòkò tó ń hó. Ẹ wá wo bí mo ṣe wá a. Mo dá ọlọ́kadà kan dúró ní Òkè-Fíà, mo ní, "Ẹ gbé mi lọ síbi tóúnjẹ ti dùn jù." Ó wo báàgì mi, ó wo bàtà mi, ó gbé mi, ó di iwájú ilé onígíláàsì mìíràn. Mi ò lè bá a jà. Ohun tí mo bi í ló dá mi lóhùn. Ó gbé mi lọ síbi tó rò pé irú èmi yẹ kó ti jẹun. Àlejò lójú ni, kò fi ń ríran.

Lọ́jọ́ kejì, mo yí ìbéèrè padà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ̀yin gan-an ti jẹun lánàá?" Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Ẹ ò ní lè jókòó síbẹ̀, Àǹtí." Mo ní kó ṣáà gbé mi lọ.

Ẹ̀yìn Old Garage ni, abẹ́ páànù, bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Òórùn irú ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ìyá kan wà nídìí ààrò tó fi irin méjì di ìkòkò mú. Bí omi ṣe ń hó ló da èlùbọ́ sí i, ó ki omorogùn bọ̀ ọ́, ó ń rò ó, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò, ìkòkò ń dún gbì-gbì-gbì. Ó ta omi gbígbóná sí i létí, ó dé e, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ìgbà tó ṣí i tó tún un rò ni mo rí àwọ̀ ọkà yẹn dáadáa. Ẹ má bínú, aláṣọ ni mí: bí aṣọ funfun tí wọ́n kì bọ aró lẹ́ẹ̀kan péré tí wọ́n sì yọ ló rí, kò dúdú, kò funfun. Ó fi igbá kékeré tó ti tì bọ omi bù ú, ó bì í sínú abọ́, ọkà náà ń mì. Gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kan, ọbẹ̀ ata láàárín, ògúnfe méjì. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí pé báàgì mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nínú ìjókòó kan ṣoṣo yẹn náà ni mo ti jẹ ìyà àìmọ̀. Ìka ni mo fi ń tọ́ka ẹran: "Èyí, àtìyẹn, ẹ fi ṣàkì díẹ̀ sí i." Nígbà tí wọ́n ṣírò owó, ẹnu mi là sílẹ̀. Ọkà kò wọ́n, ẹran ni owó ń bá lọ. Láti ọjọ́ náà, iye owó ẹran tí mo fẹ́ ni mo máa ń dá kí ọwọ́ mi tó kúrò lára mi: "Ẹ fún mi lẹ́ran eélòó." Bí onílùú ṣe ń rà á nìyẹn, ìyá ò sì ní wò yín bí àlejò mọ́.

Ohun tó pẹ́ kó tó yé mi ni aago. Mo kúrò lọ́dọ̀ àwọn aláró ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́jọ́ kan, mo sáré lọ sí ẹ̀yìn Old Garage, wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Mo fẹjọ́ sùn, ìyá ní, "Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì. Tóòrùn bá ti mú un, ó ń kan. Mi ò kí í sè é kó ṣẹ́ kù." Kò sí ohun tó lè fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Olóúnjẹ tí oúnjẹ rẹ̀ ń tán lọ́sàn-án kò ní ti àná láti tà fún yín. Ní báyìí, àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná ni mò ń wá láàárọ̀ kùtù, níbi táwọn ọmọ iléèwé bá pọ̀ sí. Ọkà kó tó di aago kan. Tí aago méjì bá ti kọjá, mo kúkú gba ti iyán, iyán náà sì ní tirẹ̀: etí ni mo fi ń wá a. Tí mi ò bá gbọ́ ọmọ odó, inú kúlà ló ti ń sùn látàárọ̀ nìyẹn, ẹ jẹ́ á máa lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Ìbàdàn lè rò pé ọkà nìkan ló ní Òṣogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìtàn ìlú náà tiẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀ṣà làwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti wá. Nígbà tó yá, ogun lé àwọn ará Ọ̀yọ́ wá bá wọn. Kí ẹ tó rí ìlú tí "iyán loúnjẹ, ọkà loògùn" ti dọ́gba báyìí, ẹ ó rìn. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, ìkọ́kọrẹ́ ṣì ni mo fi ń yangàn, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo dúró sí.

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fi dójú ti ara mi. Mo ti di oníbàárà, mo ti ń ṣe bí onílé. Mo mú àwọn oníbàárà mi méjì láti Èkó lọ wo igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO fi sára ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, a sì ti rí odò náà bó ṣe ń ṣàn. Bá a ṣe jókòó síbi oúnjẹ, mo gbóhùn sókè: "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní odò ńlá báyẹn, kí ló dé tó jẹ́ ẹja inú yìnyín lẹ̀ ń sè? Ẹ wá ẹja Ọ̀ṣun fún wa!" Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Bàbá kan tó ń fọwọ́ dá ọwọ́ dúró sínú omi. Ìyá ò bínú, ó kàn sọ pé, "Ọmọ mi, a kì í jẹ ẹja ibẹ̀ yẹn. Ọmọ Yèyé ni wọ́n."

Bàbá ló wá jókòó tì mí tó pìtàn fún mi: bí Láròóyè, ọba àkọ́kọ́, ṣe lọ rúbọ létí odò, tí ẹja ńlá kan jáde wá bá a, tí ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. A-tẹ́wọ́-gba-ẹja ló di Àtáọ́ja. "Ìgbàkigbà tó o bá pe oyè ọba wa," ó ní, "ẹja lò ń pè." Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Àwọn oníbàárà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá dé, mo máa ń béèrè ohun tí wọn kì í jẹ kí n tó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ.

Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé àṣìṣe yẹn ló mú mi dé ìdí yánrin, ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ kan. Bí mo ṣe ń sanwó ni ìyá ní, "Tó o bá fẹ́ jẹ ohun tí Ọ̀ṣun fẹ́ràn, yánrin ni." Kò sí nínú ìkòkò tó ń tà. Èmi ni mo fi owó sílẹ̀ lálẹ́, kó lè rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tó ń ta ewé lọ́jà. Ó bọ̀ ọ́, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó fi ẹ̀gúsí, epo àti irú wóòro sè é, ó gbé e fún mi pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù méjì nínú ewé. Kíkorò rẹ̀ kì í ṣe ti ewúro tó ń gbá ẹnu lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó ti gbé e mì kó tó dé, tẹ́ ẹ bá wá mu omi lé e, omi á dùn bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan sí i. Mo béèrè pé kí ló dé tí kì í fi í síta. Ó ní àwọn ọmọdé òní kì í rà á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lóun ń sè é fún.

Tí ẹ bá lọ lóṣù kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹ má retí èyí. Èrò á pọ̀, oúnjẹ á tètè tán, owó òtẹ́ẹ̀lì á gòkè. Ẹ lọ wo Arugbá, àmọ́ ẹ padà wá jẹun lóṣù mìíràn. Tó bá sì jẹ́ ọ̀nà Gbọ̀ngán lẹ gbà, ẹ má sùn nínú ọkọ̀ kọjá Ìkirè. Dòdò wọn tó dúdú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ gan-an tí wọ́n gún mọ́ ata, ni ẹ̀bùn tí ọkọ mi ń retí báyìí. Kò bi mí léèrè ìrẹsì mọ́.

Oṣù tó kọjá, obìnrin kan tó wá ra aṣọ láti Àbújá bá mi lọ́dọ̀ àwọn aláró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo loúnjẹ ti dùn jù nílùú yìí?" Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ti jẹun lánàá. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣé wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀.

Mo ní abẹ̀bẹ̀ wà.