Ogún Ọ̀sẹ̀ fún Ọmọ Kan

Àbúrò mi kan pè mí lórí fóònù lóṣù tó kọjá, ó sì fi ẹ̀rín bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń sanwó fún yín níbẹ̀ yẹn kí ẹ lè jókòó máa wo ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Lójú rẹ̀, àti lójú ọ̀pọ̀ nínú ẹbí wa, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tí ọmọ tí ẹ̀kọ́ ṣòro fún ti ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà láìjà láìta, iṣẹ́ tèmi, tí mo jẹ́ onísàíkọ́lọ́jì iléèwé, ìyẹn ẹni tó ń wádìí ohun tó mú kí ẹ̀kọ́ ṣòro fún ọmọ, kò sì ju eré lọ. Òfin ló dáàbò bo orúkọ iṣẹ́ náà, ọdún mẹ́ta ni mo sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé kí n tó lè máa jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí.

N kò ní pẹ́ lórí ti ilé, nítorí ẹni tó bá lọ sí iléèwé ní Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe olùdámọ̀ràn ní iléèwé girama kan. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun: ní 1959 ni àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í la àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde lọ́yẹ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe, ìlànà ìjọba lórí ètò ẹ̀kọ́ sì fọwọ́ sí i ní 1977. Síbẹ̀, tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìkẹ́rù ni ọ́fíìsì mi, bí olùkọ́ ọrọ̀-ajé kò bá sì wá, èmi ni wọ́n ń rán sí kíláàsì rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀wé, olódo ni. Èyí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, pàṣán ni tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ yìí dàgbà ju orílẹ̀-èdè wa lọ. Ní 1913 ni ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso London gba Cyril Burt, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀, ọdún kan ṣáájú kí wọ́n tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Kí ó máa yẹ àwọn ọmọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n torí rẹ̀ gbà á, lọ́kọ̀ọ̀kan náà ni a sì ṣì ń yẹ̀ wọ́n wò títí di òní. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2014 fún ọmọ tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ètò tirẹ̀, tó ń sọ irú ìrànlọ́wọ́ tí wọn yóò fún un, tó sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín ogún ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bá bèèrè fún un. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti pinnu bóyá wọn yóò yẹ ọmọ náà wò. Èmi náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kọ ìmọ̀ràn mi. Àwọn òbí ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fèsì sí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Abala ìwé náà bẹ̀rẹ̀ láti A títí dé K. Ní abala F, kò tó kí a sọ pé kí ẹnìkan máa ran ọmọ náà lọ́wọ́. A ní láti sọ wákàtí mélòó, lọ́sẹ̀ mélòó, àti irú ẹni tí yóò ṣe é. Ètò tó gún ni lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ní 2023, nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn ìwé tuntun ló jáde nígbà tí òfin sọ.

Kò sí ẹni tí ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. A kò pọ̀ tó, ìwé tí òfin fi dandan lé sì ti gba gbogbo àsìkò tí ó yẹ kí a fi ran iléèwé fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún tó kọjá, láàárín oṣù mẹ́ta, ọmọ mẹ́fà láti kíláàsì kan ṣoṣo ni wọ́n kó wá bá mi. Wọ́n ní ọ̀kan ń jà, ọ̀kan ń sùn, ọ̀kan kì í sọ̀rọ̀. Mo kọ ìwé mẹ́fà. Ìgbà tí mo ń kọ ìkẹrin ni mo tó mọ̀ pé olùkọ́ mẹ́rin ti gba kíláàsì náà lọ́wọ́ ara wọn láàárín ọdún kan, àti pé olúkúlùkù ló gbé òfin tirẹ̀ dé. Kí ni ọmọ ọdún méje yóò ṣe sí ìyẹn? Mo bẹ iléèwé náà pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sán méjì pẹ̀lú àwọn olùkọ́, kí a jọ ṣètò bí ọjọ́ yóò ṣe máa bẹ̀rẹ̀, bí yóò ṣe máa parí, àti ohun tí gbogbo wọn yóò máa sọ bákan náà bí ọmọ bá bínú. Wọ́n dá mi lóhùn tìwàtìwà pé wákàtí tí àwọn rà lọ́wọ́ ọ́fíìsì wa ti tán. Fọ́ọ̀mù ní àyè fún ọmọ; kò ní àyè fún kíláàsì.

Nílé, èmi tí n kò ní fọ́ọ̀mù kankan ṣàkíyèsí nígbà kan pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń tì mọ́ ìta nítorí pé wọ́n pẹ́ dé ni wọ́n ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò, nítorí ìṣirò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ lójúmọ́. Mo sọ fún igbá-kejì ọ̀gá iléèwé ní yàrá àwọn olùkọ́, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, wọ́n ti gbé ìṣirò sí ẹ̀yìn ìsinmi. Màmá yẹn mọ̀ mí, ó mọ àwọn ọmọ náà, ó sì mọ òbí wọn. Níhìn-ín, káàdì tí wọ́n kọ "Àlejò" sí ni mo ń so mọ́rùn ní iléèwé tí mo ti ń lọ láti ọdún mẹ́rin, inú ọkọ̀ ni mo sì ti ń jẹun ọ̀sán.

Ẹ má ṣe rò pé àbámọ̀ ni mo ń ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé màmá yẹn lọ sí iléèwé mìíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ dá ìṣirò padà sí òwúrọ̀, kò sì sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni lè fi bá a jiyàn. Ohun tí mo bá kọ níhìn-ín, òbí lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń jàre. Ìdí tí mo fi dúró nìyẹn, tàbí kí n sọ pé ìdí tí mo máa ń fún ara mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, fọ́ọ̀mù ọmọ keje dé láti kíláàsì yẹn. Mo ti fi ìpínrọ̀ kan nípa kíláàsì náà sínú ìmọ̀ràn tí mo ń kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí abala tó béèrè rẹ̀.