Ẹ bi ọmọ náà bó ṣe ṣe é: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn tíṣà ìṣirò

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbaradì fún TP (ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà nínú kíláàsì), ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣe NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, bí wọn yóò ṣe máa kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, mo sì máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn. Káàdíbọ́ọ̀dù aláràbarà kò burú (àwa alábòójútó kúkú máa ń fún un ní máàkì), àmọ́ ìgbà tí ọmọ bá ṣi ìṣirò ṣe ni mo fi ń mọ ẹni tí yóò di tíṣà gidi.

Ọmọ Pírámárì Kẹta kan kọ ọ́ pé 42 − 17 = 35. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE wa tó ń kọ́ kíláàsì náà fi báírò pupa fa X sí i, ó kọ 25 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo ní kó padà lọ bi í bó ṣe ṣe é. Wàrà ni ọmọ náà dáhùn: "Àǹtí, a kì í yọ méje kúrò nínú méjì, mo bá yọ méjì kúrò nínú méje, ó ku márùn-ún. Mo wá yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́rin, ó ku mẹ́ta."

Ṣé olódo wá nìyẹn? Rárá o. Òfin ló ń tẹ̀ lé, àwa tíṣà la sì fi lé e lọ́wọ́ láti Pírámárì Kìn-ín-ní. Ẹ fún un ní 61 − 24 lọ́la, 43 ni yóò kọ, X pupa ì báà kún ìwé rẹ̀.

Igi ìgbálẹ̀ ni kí ẹ kó fún un. Kó dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá: ìdì mẹ́rin, ẹyọ méjì. Kó wá yọ mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí ẹyọ kò bá tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú ìdì kan. "Yá kan" tí à ń pariwo níwájú bọ́ọ̀dù kò yé ọmọ tí kò tíì tú ìdì rí. Ta ló tilẹ̀ ń yá nǹkan tí kì í dá a padà?

Ní kíláàsì yẹn náà, ọmọbìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ata ní òun yọ ogún, ó ku méjìlélógún, òun wá dá mẹ́ta padà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ dá a dúró, ó ní kò sí nínú ìwé. Mo ní kó fún un ní ṣọ́ọ̀kì kó lọ fi han àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ro ìṣirò. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè wa kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Tí ẹ bá ń kọ nóòtì yín, ẹ kọ àṣìṣe tí ẹ ń retí sí i. Tó bá kan àròpọ̀ ìdá, àwọn kan yóò kọ 1/2 + 1/3 = 2/5. Ẹ má tíì fa X. Ẹ bi wọ́n: ẹni tó ní ìdajì búrẹ́dì, tí wọ́n tún bù kún un, báwo ni tiẹ̀ ṣe wá kéré sí ìdajì?