Ilé Wo Ni Wọ́n Fẹ́ Gbé Mi Lọ?

Inú yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí, ní ilé ìwé tí mo ti ń dáná fún àwọn ọmọ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi pe orúkọ àìsàn náà fún ẹni tí n kò mọ̀ rí. Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni. Mo jókòó lé páálí tòmátò alágolo, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe ilé iṣẹ́ adójútòfò kan láti ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò. Ọmọkùnrin kan gbé e, ó kí mi dáadáa, ó wá bi mí bóyá àìsàn kankan ń bẹ tí mo ti gba ìtọ́jú fún.

Mo ní, "Jẹjẹrẹ ọmú."

Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ, òun ò gbọ́. Mo ti rẹ ohùn sílẹ̀ láìmọ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òfófó.

Nínú ẹbí wa, a kì í pe orúkọ rẹ̀. "Àìsàn yẹn" ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì taka yí orí ká pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ abẹ, chemo (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ), radiotherapy (ìtànṣán tó ń pa á), gbogbo rẹ̀ ni mo gbà tán ní Lọ́ńdọ̀nù tí Màámi ní Iléṣà kò gbọ́ fìn-ín. Nígbà tí irun mi re, gèlè ni mo ń wé kí n tó pè wọ́n lórí WhatsApp. Wọ́n ní ṣé mo ti di ìyá ìjọ ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo fẹ́ dé iwájú wọn kí n tó sọ ọ́. Wọ́n sì máa pé ọgọ́rin ọdún nínú oṣù Kejìlá. Ìdí tí mo fi ń wá ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò nìyẹn. Ẹ wá wo nǹkan: ọmọ tí n kò rí sójú rí ti gbọ́ ṣáájú ìyá tó bí mi.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n má sọ ọ́ fún àwọn adójútòfò rárá. "Ta ló máa mọ̀?" Wọ́n á mọ̀ ni. Ọjọ́ tí ènìyàn bá ní kí wọ́n wá san owó ọsibítù ni wọ́n máa béèrè ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí máa tú, owó tó ti san á sì ṣègbé. Àwọn mìíràn ní kí n kúkú máa lọ lásán. Káàdì ìtọ́jú ìlera GHIC tí à ń mú lọ sí Yúróòpù kò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà o, ẹni tó bá sì ti gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù nílé rí mọ̀ pé owó àsansílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ọmọkùnrin yẹn fi mí sórí orin fún ìgbà pípẹ́, ó padà dé, ó ní àwọn ò lè gbà mí. Ó tán. Mo padà lọ fọ ìkòkò.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé ọmọ náà jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ kan. Láti ọdún 2021 ni òfin ti wà ní ilẹ̀ UK pé ilé iṣẹ́ tó bá kọ ènìyàn nítorí àìsàn líle gbọ́dọ̀ tọ́ka rẹ̀ sí àkójọ àwọn adójútòfò tó ń gba irú wa. MoneyHelper, iṣẹ́ ìmọ̀ràn owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀, ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ẹni méjì tó gbà láti bá mi sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè wọn pọ̀ ju ti àwọn ọlọ́pàá lọ. Ṣé ó ti ràn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀? Ìgbà wo ni ẹ gba chemo kẹ́yìn? Ṣé ẹ sun ọsibítù láàárín oṣù 12? Ṣé dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún yín? Mo ń dáhùn, mo ń wo àpò ìrẹsì tó wà níwájú mi. Èyí tó wá dá mi dúró ni "Ṣé ẹ ń retí èsì àyẹ̀wò kankan?" Mo ń retí ti mammogram, fọ́tò ọmú tí mò ń yà lọ́dọọdún. Wọ́n ní àfi kí èsì jáde ná. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sá tẹ̀lé ẹni tó ń pín lẹ́tà, èsì dé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní póùn 612 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èkejì ní 248. Àbúrò mi tí ara rẹ̀ le san 41 fún ìrìnàjò kan náà.

Obìnrin tó tà á fún mi fara balẹ̀, ó ka gbogbo ohun tí owó náà bò: ọsibítù, bàálù aláìsàn, nọ́ńbà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí tí n bá lè ṣe é. Ó wá ní, "Tó bá wá jẹ́ pé ẹ kú, a máa gbé yín padà wá sílé."

Mo ní, "Ilé wo?"

Ó ní, "UK, mà."

Ẹ̀rín pa mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Obìnrin náà dákẹ́. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún un pé àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń dá owó jọ kí wọ́n lè gbé òkú *kúrò* níbí lọ sílé ni.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ìrìnàjò kò gbà mí lákòókò. Kòkòrò inú abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣì wà láàyè, wọn kì í sì fún ẹni tí chemo ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́gbẹ́ sí lára. Orí bá mi ṣe é, mo ti gba tèmi ní 2011. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹ́lò náà, ṣùgbọ́n láti oṣù Keje 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ di títí ayé. Oògùn ibà ni mo wá rà, torí àwa tí a ti pẹ́ lókè òkun, ara wa ò mọ ibà bá jà mọ́.

Nínú bàálù, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún mọ́ ẹsẹ̀ pinpin. Tamoxifen, oògùn jẹjẹrẹ ọmú tí mò ń lò lójoojúmọ́, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ìjókòó gbọọrọ sì tún ń bù kún un. Ní gbogbo wákàtí ni mò ń dìde rìn lọ sẹ́yìn, títí bàbá kan fi bi mí pé, "Ṣé ẹ sọ nǹkan nù ni?" Láti Èkó, mo sùn dé Aṣèjírè. Ní Ìkirè mo ra dòdò nínú ewé, ó dúdú, ó rọ̀, ata rẹ̀ ta mí lẹ́nu dé Ifẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo sọ fún Màámi, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, iná ti lọ. Wọn ò pariwo. Wọ́n gba páálí oògùn mi, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé wọ́n lè kà á. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ nígbà yẹn?"

"Bàbá àwọn ọmọ ni, Màámi."

"Ó mọ ọbẹ̀ sè?"

"Ó kọ́ ọ."

Wọ́n ní èló ni mo ná kí n tó dé. Mo sọ ti ìnṣọ́ránsì fún wọn, mo là á yé wọn, títí mo fi dé orí ọ̀rọ̀ òkú.

"Kí wọ́n wá gbé ọ ní Iléṣà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù?" Wọ́n pòṣé. "Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ lẹ́yìnkùlé yìí, àyè ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ló ṣáájú o. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, mà.

Wọ́n na páálí náà sí mi. "Lo oògùn rẹ kó o sùn."