Ọdún kan nínú orin Nọ́wè, àti àwọn orin tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Sàtánì

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Bergen, ọdún kan ni wọ́n sì fún mi. Kí n tó lọ, ohun tí mo mọ̀ nípa Nọ́wè kò ju pánlá àti òtútù lọ. Òtútù Bergen kò tilẹ̀ burú tó ìròyìn rẹ̀; òjò ló ni ìlú náà. Ó ń rọ̀ ju igba ọjọ́ lọ lọ́dún, àwọn onílé kì í sì í kà á sí. Nígbà tó di pé ilẹ̀ ń ṣú kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti ń kọrin kiri.

Grieghallen ni mo kọ́kọ́ lọ, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1978 tí wọ́n fi sọrí Edvard Grieg, ọmọ ìlú náà. Ẹgbẹ́ olórin tó fi ibẹ̀ ṣe ilé, Bergen Philharmonic, ti wà láti 1765. Ẹ rò ó wò: Baṣọ̀run Gáà ṣì ń fojú Ọ̀yọ́ rí màbo nígbà náà. Orin pìánò tí Grieg kọ ní 1868 ni wọ́n ta lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì dùn dé egungun. Nígbà ìsinmi ni bàbá arúgbó kan tó jókòó tì mí sọ fún mi pé nínú sítúdíò ilé yìí kan náà ni wọ́n ti gba ohùn àwo Mayhem, Emperor àti Immortal sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọmọ tó ní Sàtánì ni àwọn ń sìn ni."

Black metal ni wọ́n ń pe orin náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó kun ojú ní funfun àti dúdú ló ń ta á, gìtá wọn ń hó, igbe ni orin wọn. Kì í ṣe ẹnu lásán ni ọ̀rọ̀ náà mọ. Àwọn kan nínú agbo yẹn dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 1992, iná jó ṣọ́ọ̀ṣì Fantoft lẹ́bàá Bergen kanlẹ̀, ilé onípákó tí wọ́n ti kọ́ láti nǹkan bí 1150 ní abúlé Fortun, tí wọ́n tú palẹ̀ kó wá sí Bergen ní 1883. Nígbà tó fi di 1997 wọ́n ti tún un kọ́.

Tírèènì ìgboro débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan, ìyá ará Ìjẹ̀bú tó jẹ́ díkónẹ́ẹ̀sì nínú ìjọ kékeré tiwa ní Bergen, ló bá mi lọ. A bá àwọn àlejò kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò. Nítorí iná yẹn ni wọ́n ṣe wá. Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n títí, ó ní, "Àbúrò, ṣé ibi tí wọ́n ti jó ilé Olúwa ni wọ́n ń wò bí ẹni ń wò Olúmọ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Inú bí èmi náà, kí n má parọ́. Ilé tó ti tó ẹgbẹ̀rin ọdún!

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bá orin wọn lọ síwájú, mo rí i pé àwọn ọmọ náà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mú Sàtánì wọ inú orin Nọ́wè. Ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni mo lọ sí ìlú Voss, nítorí Vossajazz, àjọ̀dún orin jáàsì wọn. Jáàsì ni mo bá lọ, fayolíìnì ìbílẹ̀ wọn, hardingfele, ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ gòjé inú sákárà Yusuf Olatunji yóò mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n. Okùn mẹ́rin wà lókè tí ọrun ń fà. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tún wà nísàlẹ̀ tí ohunkóhun kì í kàn, ohùn ti òkè nìkan ló ń mú wọn dún. Bí olórin bá ti dákẹ́, àwọn ti ìsàlẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìkarahun òkun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, orí kìnnìún tàbí ti ẹranko abàmì wà ní ṣóńṣó ọrùn rẹ̀. Ọdún 1651 ni wọ́n kọ sínú èyí tó pẹ́ jù lọ.

Àwọn àgbà wọn ní iwin kan ń gbé ìdí omi tó ń já látorí àpáta, irú ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, fossegrim lorúkọ rẹ̀. Ẹran ni ẹni tó fẹ́ mọ fayolíìnì yóò gbé lọ fún un. Bí ẹran náà bá kéré, bí wọ́n ṣe ń fa okùn le nìkan ni yóò kọ́ ọ, kò ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta á. (Mo mọ àwọn ọ̀gá kan nílé tó ń ṣe báyìí fún ọmọ iṣẹ́.) Àwọn orin kan sì wà tí wọ́n ní ó ń gbé olórin lọ, tí yóò máa ta á láìlè dáwọ́ dúró, àfi bí wọ́n bá já ohun èlò náà gbà. Nígbà tí ìsọjí ẹ̀sìn jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníwàásù ní ti Sàtánì ni. Ọ̀pọ̀ fayolíìnì wọ iná, àwọn olówó wọn fúnra wọn ló sì sọ àwọn mìíràn sí i.

Knut Dahle, àgbà olórin kan ní Telemark, rí i pé àwọn orin náà lè bá òun wọ sàréè. Ó kọ lẹ́tà sí Grieg. Ní 1901 Johan Halvorsen, atafayolíìnì kan, jókòó tì í, ó kọ wọ́n sílẹ̀. Grieg sọ wọ́n di ti pìánò, wọ́n sì jáde ní 1903. Pìánò náà dára, ṣùgbọ́n okùn ìsàlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àjíǹde bá mi ní Kautokeino, lókè àríwá, láàárín àwọn Sámi, ẹ̀yà ìbílẹ̀ tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Yìnyín ṣì bo ilẹ̀ nínú oṣù kẹrin. Ìdíje orin ọdọọdún wọn, Sámi Grand Prix, ni mo bá lọ. Joik ni orin wọn. Ẹni tó ń ṣe joik ìyá rẹ̀ kò kọrin nípa ìyá rẹ̀. Ìyá náà gan-an ni orin náà, ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló sì ni ín. Oríkì ló wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n oríkì tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, nígbà mìíràn tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Obìnrin kan tó wọ aṣọ aláró àti pupa dá dúró, kò sí gìtá, kò sí ìlù, ohùn lásán, gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Èyí náà, ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìjọba tì í lẹ́yìn, nítorí wọ́n fẹ́ sọ àwọn Sámi di ará Nọ́wè tipátipá. Wọn kò gba joik láyè nílé ẹ̀kọ́. Ilé onígbàgbọ́ tó ka joik léèwọ̀ ni Mari Boine, tó gbajúmọ̀ jù nínú olórin wọn, ti wá. Nígbà tí wọ́n pè é kó wá kọrin níbi ìṣíde Òlíńpíìkì Lillehammer ní 1994, ó kọ̀, ó ní òun kò fẹ́ jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ti lé ọ jáde kò gbọ́dọ̀ kàn fi ọ́ ya fọ́tò.

Àwa náà rí tiwa. Àwọn míṣọ́nnárì kò fẹ́ gbọ́ ìlù nínú ìsìn, òrìṣà ni wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Bàbá bàbá Fela, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tó fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìyìn, ka tirẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922. Pìánò ló gbè é, kì í ṣe dùndún.

Oṣù karùn-ún dé, ìlù gba Bergen. Buekorps ni: àwọn ọmọdé tó wọ aṣọ bíi ti sójà, tí wọ́n gbé ọfà onígi dání, tí wọ́n ń lu ìlù káàkiri àdúgbò, àṣà tó ti wà láti àwọn ọdún 1850. Bó bá di ọjọ́ kẹtàdínlógún, àyájọ́ òfin orílẹ̀-èdè wọn, kò sí ẹni tó lè sùn. Àwọn kan ń ráhùn lóòótọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dá àwọn ọmọ náà dúró.

Oṣù yẹn gan-an ni ẹni tó ń yá wa ní gbọ̀ngàn ìsìn kọ̀wé pé gángan wa ń dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́. Kò mẹ́nu kan Sàtánì rárá. Ariwo lásán ni. Ẹ̀gbọ́n ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ìlù buekorps ń dún lójú fèrèsé bó ṣe ń kà á. Ó gbé fóònù, ó béèrè bóyá aago tí àwọn ọmọ yẹn ń lu tiwọn ni ká máa lu tiwa. Ọ̀sẹ̀ kejì a gbé ìsìn sí aago mẹ́ta ọ̀sán, onígángan sì wà níwájú.