Bàbá Tó Ń Wá Olúmọ Nínú Fíìmù
Mo jókòó sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ìtòkú lánàá, ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí fíìmù Lisabi: The Uprising, èyí tí Lateef Adedimeji ti kó ipa Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, tí ó jáde ní ọdún 2024. Bàbá kan ní òun kò gbà pé fíìmù Ẹ̀gbá ni, nítorí òun kò rí Àpáta Olúmọ níbẹ̀. Mo rọra ṣàlàyé fún wọn pé inú igbó Ẹ̀gbá ni Lísàbí gbé, àti pé ó ti kú kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń gẹ irun fún sọ pé fíìmù Jagun Jagun dùn jù ú lọ. Mo gbà fún un ní ti ìjà, àmọ́ bí ó ṣe ń mi orí lábẹ́ abẹ ni ó bà mí lẹ́rù. Bàbá ṣì ń béèrè Olúmọ nígbà tí ó kàn mí.